Ìdin Wo Lẹ Rí Nínú Ilé? Ẹ Fi Wọ́n Wé Ara Wọn Kẹ́ Ẹ Tó Fọ́n Oògùn

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo tú kúbùsù kan tó ti pẹ́ nísàlẹ̀ àpótí, mo gbọ̀n ọ́n, nǹkan kékeré kan sì jábọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Kò gùn ju hóró ìrẹsì kan lọ. Irun bò ó lára, ìlà tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú àti ìlà tó dúdú díẹ̀ sì tẹ̀ léra ní ìdábùú ẹ̀yìn rẹ̀. Mo fi orí abẹ́rẹ́ kàn án fẹ́ẹ́rẹ́. Ó dúró, ó gbé ìdí sókè, òṣùṣù irun mẹ́fà sì ṣí jáde níbẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀.

Ara ti ń yún èmi àti àwọn ará ilé láti ọjọ́ mélòó kan, nítorí náà ìdun ni gbogbo wa pariwo. A ti gbé oògùn apakòkòrò lọ́wọ́, ó ku ká fọ́n ọn sórí ibi tí à ń sùn. Mo dúpẹ́ pé mo kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Kì í ṣe ìdun rárá. Kúbùsù náà ló ń jẹ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ìdin wé ìdin. Ohun tó wá yé mi ni pé ìdin kọ̀ọ̀kan ló ní oúnjẹ tirẹ̀, ẹni tó bá sì dá èyí tó rí mọ̀ ti mọ ibi tó máa wá oúnjẹ náà lọ. Oúnjẹ yẹn la máa gbé kúrò. Ẹni tí kò bá dá a mọ̀ á fọ́n oògùn títí á fi rẹ̀ ẹ́, ìdin á tún yọjú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ka ẹsẹ̀ rẹ̀

Ẹ fi etí ìwé gbé e, ẹ má fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ ọ́ sínú ife tó mọ́ gaara, ẹ tẹ́ bébà funfun sábẹ́ rẹ̀, ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ wá ya fọ́tò rẹ̀ láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́, àti láti abẹ́ tó bá ṣeé ṣe. Kámẹ́rà fóònù máa ń rí ohun tí ojú kò rí: ẹ yà á tán, ẹ wá fà á gbòòrò. Ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ ti rí i sílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ìdajì ìdáhùn ló wà níbẹ̀.

Ọmọ àwọn kòkòrò ẹlẹ́yìn líle ni mò ń sọ̀rọ̀ wọn níbí, ìyẹn ìdílé tí yímíyímí ti wá, àwọn tí ìyẹ́ òkè wọn le bí èèpo tó sì bo ìyẹ́ tí wọ́n fi ń fò. Púpọ̀ nínú ìdin wọn ní orí tó hàn ketekete, ẹnu tó ń rún nǹkan, àti ẹsẹ̀ 6 tó wà nítòsí orí. Lẹ́yìn ẹsẹ̀ 6 yẹn, kò sí ẹsẹ̀ mìíràn lábẹ́ ikùn wọn.

Ìdin eṣinṣin kò ní ẹsẹ̀ kankan, kò sì ní orí tí ẹ lè tọ́ka sí. Apá kan rẹ̀ ṣóńṣó, apá kejì rí bí ẹni pé wọ́n gé e. Ìdin àfòpiná ní ẹsẹ̀ 6 níwájú, ṣùgbọ́n ó tún ní ẹsẹ̀ kúkúrú ẹlẹ́ran bíi kùkùté, ní méjì méjì, lábẹ́ ikùn títí dé ìdí. Ó tún máa ń ta òwú. Tí hóró ìrẹsì tàbí ìyẹ̀fun bá ti so pọ̀ mọ́ òwú bíi ti aláǹtakùn, àfòpiná lẹ ń bá jà. Èyí tó rí bí eérú, tó ń jáde láti ojú ihò omi balùwẹ̀, tí kò ní ẹsẹ̀, ọmọ eṣinṣin kékeré tó máa ń bà sára ògiri balùwẹ̀ ni. Èyí tó funfun, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò ní ẹsẹ̀, tó ń lọ́ bí ejò níbi tí ajá tàbí ológbò ń sùn, ọmọ kòkòrò tó ń fò kiri nínú irun wọn ni. Kò sí èyí tó jẹ́ tiwa nínú wọn, àtúnṣe wọn sì yàtọ̀.

Onílà àti onírù: àwọn méjì tó ń jẹ rọ́ọ̀gì àti aṣọ

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró sí pẹ́, nítorí nínú ilé tó mọ́ tónítóní pàápàá, àwọn yìí ni wọ́n máa ń bá ni lójijì. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe èyí tí mo rí nínú kúbùsù ni Anthrenus verbasci. Ti ìkejì ni Attagenus unicolor. Èmi ń pe ti àkọ́kọ́ ní onílà, mo ń pe ìkejì ní onírù, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀.

Ẹ fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Onílà kúrú, ó sì sanra: nǹkan bíi mìlímítà 4 sí 5 ni gbogbo gígùn rẹ̀. Ìdí rẹ̀ fẹ̀ ju iwájú lọ, èyí tó ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ẹbí rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé iwájú ló fẹ̀. Irun rẹ̀ dúró ṣánṣán káàkiri ara. Onírù gùn, ó lè tó mìlímítà 8 kẹ́ ẹ tó ka irun ìdí rẹ̀ mọ́ ọn, ó sì rí bíi kárọ́ọ̀tì: iwájú fẹ̀, ó wá ń tín-ín-rín lọ sẹ́yìn. Ara rẹ̀ ń dán, àwọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti àwọ̀ wúrà dé àwọ̀ ilẹ̀ tó dúdú, irun rẹ̀ kúrú ó sì lẹ̀ mọ́ra, àfi òṣùṣù irun gígùn kan tó yọ nídìí bí ìrùkẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ìrùkẹ̀rẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan kò ní ṣì í mọ́.

Tí wọ́n bá dàgbà di kòkòrò ẹlẹ́yìn líle, wọ́n tún yàtọ̀ síra. Onílà á di nǹkan róbótó kan tó tó mìlímítà 2 sí 3, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní àbàwọ́n funfun, pupa rẹ́súrẹ́sú àti dúdú. Onírù á dúdú, á gùn díẹ̀ jù ú lọ. Ojú fèrèsé lẹ máa ń bá àwọn àgbà yìí nítorí ìmọ́lẹ̀ ń fà wọ́n, ìta ni wọ́n sì ti ń jẹ ìyẹ̀fun òdòdó. Àgbà kì í jẹ aṣọ. Ìdin ló ń jẹ ẹ́, ó sì lè jẹ ẹ́ pẹ́: láti ẹyin títí di àgbà lè gba ọdún kan, ó lè gba méjì tàbí mẹ́ta níbi tí òtútù wà tàbí tí oúnjẹ kò tó.

Kí ni wọ́n ń jẹ? Ohun tó ti ara ẹranko wá: irun àgùntàn, ìyẹ́, sílíìkì, awọ onírun, irun orí wa tó jábọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àti òkú kòkòrò. Òwú àti ọ̀rá kì í ṣe oúnjẹ wọn, bí kò bá ṣe pé òógùn tàbí oúnjẹ ti dà sí i. Nítorí náà, tí ihò bá wà nínú súẹ́tà olówùú nìkan, ẹ wo ibi tí àbàwọ́n wà. Mo ti rí i tí wọ́n gé ọrùn aṣọ jẹ, tí wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀.

Ohun kan wà tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ: awọ tí ìdin bọ́ sílẹ̀. Bó ṣe ń dàgbà, ó ń bọ́ awọ lọ́pọ̀ ìgbà, awọ náà á sì dúró bí ìdin gan-an, pẹ̀lú irun àti ìlà, àmọ́ òfìfo ni. Ẹni tó bá rí ogún lábẹ́ rọ́ọ̀gì á rò pé ogún ìdin ni, nígbà tó lè jẹ́ ti ìdin méjì tàbí mẹ́ta péré. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́. Òfìfo á rún bí èèpo ẹ̀pà.

Ní ti àtúnṣe, onílà àti onírù kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àmọ́ mo máa ń wá ti onírù kọjá àpótí aṣọ, nítorí ó tún máa ń jẹ ọkà, irúgbìn àti oúnjẹ gbígbẹ ajá. Ti onílà, mo kọ́kọ́ ń wo òkú kòkòrò nínú gílóòbù àti lójú fèrèsé, mo sì ń wo bóyá ẹyẹ kọ́ ìtẹ́ sábẹ́ òrùlé. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku fa abẹ́ àga, etí ògiri àti ìsàlẹ̀ àpótí, kẹ́ ẹ da ohun tó fà síta lójú ẹsẹ̀. Aṣọ tó bá gba omi gbígbóná, ẹ fọ̀ ọ́ ní ìwọ̀n 60°C. Èyí tí kò gbà á, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ ti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ kó o sínú fírísà tó tutù dé -18°C fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má ṣí ọ̀rá náà títí ara aṣọ á fi móoru padà, kí omi má bàa kóra sí i.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú káńfọ̀. Àwọn róbótó funfun yẹn sábà máa ń ní èròjà kan tó ń jẹ́ naphthalene, èyí tó lè ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ jẹ́ gidigidi tí ọmọ náà bá jẹ́ ara àwọn tí èròjà G6PD, èyí tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, kò tó lára wọn. Ọmọ tó gbé e mì wà nínú ewu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àpótí tó dé pinpin nìkan ló lè ṣiṣẹ́, kò sì yẹ kẹ́ ẹ fi bo aṣọ ìkókó láéláé.

Onílà tàbí ìdun?

Ìdin onílà kì í géni jẹ, kì í mu ẹ̀jẹ̀. Irun ara rẹ̀ ló ń dà wá láàmú: ẹnu irun náà rí bí orí ọ̀kọ̀, ó máa ń já sí ara aṣọ, ó sì máa ń mú kí ara ẹlòmíràn yún, kó wú, kó pọ́n bí ẹni pé nǹkan gé e jẹ. Ìdun ní tirẹ̀ kò ní irun gígùn, kò ní ìlà ìdábùú bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ 6 sì gùn tó fi ń rìn kíákíá láti kékeré. Ìdun á fi ẹ̀jẹ̀ kán sórí bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, á sì fi àmì dúdú wínníwínní sí etí tìmùtìmù. Tí kò bá sí èyíkéyìí nínú àmì wọ̀nyí, tí awọ onírun òfìfo sì wà nílẹ̀, ẹ gbé oògùn ìdun sílẹ̀.

Onírun tó tóbi: ẹ wo òkè àjà

Ìdin kan tún wà tó nírun, àmọ́ tó lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ, tó dúdú tàbí tó ní àwọ̀ ilẹ̀, tí ẹ̀gún méjì sì yọ lórí ìdí rẹ̀ bí ìwo. Ìwo ìdí yẹn ni ẹ máa wò. Onílà kò ní in, onírù kò ní in. Ìdílé Dermestes ni, àwọn tó ń jẹ ẹran gbígbẹ, ẹja gbígbẹ, awọ àti òkú. Wọ́n mọ iṣẹ́ wọn débi pé àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ń sìn wọ́n láti jẹ ẹran kúrò lára eegun ẹranko tí wọ́n fẹ́ pàtẹ, torí wọ́n ń jẹ ẹ́ mọ́ láìba eegun jẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan ń gbá irú ìdin yìí lójoojúmọ́ ní pálọ̀. Gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ló ti tú palẹ̀, kò rí nǹkan kan. Mo bi í pé ibo gan-an ni wọ́n máa ń wà láàárọ̀. Ó ní abẹ́ gílóòbù àárín yàrá ni. Wọn kò tún rìn láti ibòmíràn wá nìyẹn: láti ojú ihò wáyà ni wọ́n ń jábọ́. Nígbà tí wọ́n gun òkè àjà, òkú eku kan ló wà níbẹ̀, ó ti gbẹ, ó ku awọ àti eegun. Wọ́n gbé e kúrò, wọ́n fọ ibẹ̀, ìdin tó kù sì dín kù títí ó fi tán.

Èyí ni ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù láàárín onírun kékeré àti onírun ńlá. Ti kékeré máa ń fi sùúrù jẹ aṣọ lọ́dún mélòó kan. Ti ńlá ń yára, ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ni ìdin rẹ̀ fi ń dàgbà, tó bá sì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nǹkan kan ló kú sí tòsí tàbí ẹran gbígbẹ kan ni ẹ gbàgbé. Ẹ tún mọ̀ pé tó bá fẹ́ para dà, ó máa ń wá ibi tó le tó máa gbẹ́ ihò sí, igi tàbí kọ́ọ̀kì, nítorí náà ihò nínú pákó àjà lè jẹ́ tirẹ̀ láìjẹ́ pé igi ni oúnjẹ rẹ̀.

Onírun nínú ọkà

Díẹ̀ ni màá sọ lórí èyí, àmọ́ ẹ má fojú kékeré wò ó. Tẹ́ ẹ bá rí ìdin onírun tó pọ́n bí àwọ̀ wúrà nínú àlìkámà, ìrẹsì tàbí ọkà mìíràn, tí awọ tó bọ́ sì kún ojú ọkà, ó lè jẹ́ Trogoderma granarium. Kòkòrò yìí lè wọnú ihò ògiri kó dúró síbẹ̀ fún ọdún mélòó kan láìjẹun, kó tún jáde. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni kì í jẹ́ kí ẹrù tó ní in lára wọlé. Ó ní àwọn ẹbí tó jọ ọ́ tí ojú lásán kò lè yà sọ́tọ̀, nítorí náà ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ kòkòrò oko ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, nínú ìgò tó dé. Ẹ má sì fún ọmọdé ní oúnjẹ tí irun ìdin wà nínú rẹ̀.

Èyí tó gbé ilé rẹ̀ lọ́wọ́

Ẹ ti rí i rí lára ògiri: nǹkan pẹlẹbẹ tó rí bí èso ẹ̀gúsí, àwọ̀ eérú, tó so rọ̀ tàbí tó ń wọ́ díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dúró wò ó, orí kékeré á yọ ní ẹnu kan, tẹ́ ẹ bá sì dí ibẹ̀, á yọ ní ẹnu kejì. Ọ̀pọ̀ ló ń fi í wé ìdin rọ́ọ̀gì. Ìdin àfòpiná ni, òwú tó ta àti iyanrìn àti eruku ló fi kọ́ àpò náà. Òwú aláǹtakùn tó ti gbó wà lára ohun tó ń jẹ, ó sì tún ń jẹ irun àgùntàn. Ẹ gbá òwú aláǹtakùn kúrò nígun ilé, ẹ mú àwọn àpò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Onílà àti onírù kì í kọ́ àpò, wọn kì í ta òwú. Tí òwú tàbí àpò bá wà lára aṣọ tó lu, àfòpiná ló jẹ ẹ́.

Àwọn dídán inú ìyẹ̀fun

Nínú ìyẹ̀fun, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni gígùn rẹ̀. Èyí tó gùn tó mìlímítà 25 tàbí 30, tó yípo bí ọ̀pá, tó le lára, tó ń dán bí wúrà, Tenebrio molitor ni. Àwọn kan ń sìn ín fún ẹyẹ àti ẹja láti jẹ, láti ọdún 2021 sì ni àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fàyè gbà á pé kí ènìyàn jẹ ẹ́ ní gbígbẹ. Kì í ṣe ewu, ẹ̀rí ni: ó fẹ́ràn ìyẹ̀fun tàbí ọkà tó ti pẹ́, tó ti gba ọ̀rinrin, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Ẹ wá àpò tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí omi ń rin.

Èyí tí kò ju mìlímítà 6 tàbí 7 lọ, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ní àwọ̀ mílíìkì, tí ìdí rẹ̀ sì ní ẹnu ṣóńṣó méjì, Tribolium ni. Òun ló wọ́pọ̀ nínú ìyẹ̀fun tí à ń lò lójoojúmọ́, kò sì nílò ọ̀rinrin. Àgbà rẹ̀ pupa bí àwọ̀ ilẹ̀, ó tó mìlímítà 3 sí 4, inú ìyẹ̀fun kan náà ló sì wà. Ẹ gbóòórùn ìyẹ̀fun náà: tí wọ́n bá ti pọ̀, òórùn kan tó ta ni nímú á wà níbẹ̀, àwọ̀ ìyẹ̀fun á sì yí padà. Ẹ da èyí nù, sísẹ́ kò lè mú òórùn yẹn kúrò. Tó bá jẹ́ pé ẹyọ kan péré lẹ rí nínú ìyẹ̀fun tuntun, ẹ gbé ìyẹ̀fun náà sínú fírísà tó tó -18°C fún ọjọ́ 4, ẹyin àti ìdin inú rẹ̀ á kú.

Èyí tó kéré jù lọ, nǹkan bíi mìlímítà 3, tó pẹlẹbẹ tó ń sáré láàárín hóró, ti kòkòrò tí ẹ̀gbẹ́ àyà rẹ̀ ní eyín 6 bí ayùn ni. Inú páálí tí wọn kò tíì ṣí pàápàá ló ń wọ̀.

Èyí tó ká bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé

Ìdin funfun, orí pupa, ara tó tẹ̀ bí oṣù tuntun. Ibi tẹ́ ẹ ti rí i ló máa sọ orúkọ rẹ̀ níbí, nítorí ìrísí wọn jọra jù.

Nínú ata gbígbẹ, èròjà ọbẹ̀, tíì, tábà tàbí oúnjẹ ajá, méjì ló lè jẹ́: Lasioderma serricorne tàbí Stegobium paniceum. Irun ìdin Lasioderma gùn débi tí ìyẹ̀fun fi máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ti Stegobium kúrú. Àgbà wọn ló rọrùn láti yà sọ́tọ̀: ẹ̀yìn Lasioderma dán lọ láìní ìlà, ẹ̀yìn Stegobium ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò láti iwájú dé ẹ̀yìn. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí wínníwínní kan, irú ìwúkàrà, ń gbé inú ìfun méjèèjì, wọ́n sì ń bá wọn rí èròjà ara nínú oúnjẹ tí kò dára, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè gbé inú ata tó ta. Ní ti àtúnṣe, wọn kò yàtọ̀: ẹ wá àpò kan ṣoṣo tó ti dá ihò wẹ́wẹ́ lu, ẹ jù ú nù, ẹ kó ìyókù sínú ìgò onídèérí.

Tí ìdin títẹ̀ náà kò bá ní ẹsẹ̀ rárá, tó jẹ́ inú hóró ìrẹsì tàbí àgbàdo lẹ ti là á jáde, ọmọ kòkòrò onímú gígùn tí gbogbo wa mọ̀ ni. Ìyá rẹ̀ ló ti lu hóró, ó yé ẹyin kan sínú rẹ̀, ó sì fi nǹkan dí ẹnu ihò náà padà. Ẹ kì í rí ìdin yìí nílẹ̀. Ti ẹ̀wà náà ń gbé inú hóró, àmọ́ ẹyin tirẹ̀ wà níta, lẹ̀ mọ́ èèpo ẹ̀wà bí àmì funfun, ihò tí àgbà sì bá jáde yípo rèterète. Ẹ̀wà tó ní àmì funfun ṣùgbọ́n tí kò tíì ní ihò, fírísà ṣì lè gbà á là.

Nínú igi, ẹ wo lẹ́búlẹ́bú

Ìdin inú igi kì í jáde wá kí ni. Lẹ́búlẹ́bú tó dà sílẹ̀ ni ẹ máa fi wéra.

Ẹ fi ìka méjì pa á. Tó bá kúnná bí páúdà tó ń yọ̀ lọ́wọ́, Lyctus ni. Igi eléwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń jẹ, apá òde rẹ̀ tí sítáàṣì wà. Àwọn ẹbí rẹ̀ ló ń jẹ oparun. Tó bá rí bí iyanrìn wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, Anobium punctatum ni, èyí tí igi tó ní ọ̀rinrin díẹ̀ dára fún. Ihò àwọn méjèèjì yípo, ó sì kéré, mìlímítà 1 sí 2 ló sábà máa ń jẹ́. Tí ihò bá gùn bí ẹyin, tó fẹ̀ tó mìlímítà 6 sí 10, tí igi náà sì jẹ́ páìnì, Hylotrupes bajulus ni. Ìdin rẹ̀ lè tó mìlímítà 30, ó lè lo ọdún 3 sí 10 nínú igi, lálẹ́ tí ilé bá sì dákẹ́, ẹ lè gbọ́ ọ tó ń rún un. Èyí lè ba igi tó gbé òrùlé ró jẹ́, nítorí náà ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà láìfi falẹ̀.

Ikán sì ń kọ́? Ikán ilẹ̀ kì í da lẹ́búlẹ́bú sílẹ̀, amọ̀ ló ń fi ṣe ọ̀nà. Ti igi gbígbẹ máa ń da ìgbẹ́ sílẹ̀, àmọ́ ẹ yà á ní fọ́tò: hóró kọ̀ọ̀kan ní ìhà 6, bí ẹni pé wọ́n gbẹ́ ẹ. Lẹ́búlẹ́bú ìdin kì í rí bẹ́ẹ̀.

Ihò nìkan kò sọ pé ìdin ṣì wà. Ó lè ti jáde lọ láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ẹ gbá ibẹ̀ mọ́, ẹ fi àbẹ́là yíyọ́ dí àwọn ihò tó wà, ẹ tẹ́ bébà dúdú sábẹ́, kẹ́ ẹ tún un wò lóṣooṣù. Tí ihò tuntun bá là, tí lẹ́búlẹ́bú tuntun sì dà, wọ́n ṣì wà níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti fi wéra títí tí kò yé yín

Ẹ sìn ín. Ẹ fi sínú ìgò tó mọ́ gaara pẹ̀lú díẹ̀ nínú ohun tẹ́ ẹ bá a níbẹ̀, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ so ẹnu rẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ sí i lára. Àgbà rọrùn láti dá mọ̀ ju ìdin lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Èyí tó jábọ́ láti inú kúbùsù mi, mo fi òwú irun àgùntàn díẹ̀ sí i nínú ìgò, mo gbé e sórí pẹpẹ. Ó bọ́ awọ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá dákẹ́ nínú awọ tó kẹ́yìn, mo tilẹ̀ rò pé ó ti kú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kòkòrò róbótó kan wà níbẹ̀, kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ onírọ̀bọ̀tọ̀ lọ, funfun, pupa rẹ́súrẹ́sú àti dúdú lẹ́yìn, ó ń gun ìgò náà ní apá tó kọjú sí fèrèsé.